Ṣé kí a jẹ́ kí wọ́n gé níbi egbò ahọ́n bàbá mi?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí bàbá mi ti ń fi aáṣáà sábẹ́ ahọ́n. Egbò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n wọn báyìí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé, kò jinná. Ilé ìwòsàn fẹ́ gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní bí irin bá ti kan jẹjẹrẹ, ó tàn nìyẹn. Mo sì kà á pé oògùn kan wà tó ń dí EGFR. Ṣé a ò lè ra ìyẹn, ká fi ọ̀bẹ sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Ẹran tí wọ́n máa mú kò ju hóró ẹ̀wà lọ, wọ́n á sì ti gún abẹ́rẹ́ tí ń pa ojú ibẹ̀ kú. Ohun tó ń da ẹ̀gbọ́n yín láàmú ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wá títí àìsàn á fi tàn. Ọ̀bẹ ni wọ́n wá ń dá lẹ́bi.

Ní ti EGFR: inú itọ́ wa ni èròjà kan wà tó ń jẹ́ EGF. Bí a bá gé ahọ́n jẹ, EGF á lọ kan EGFR, ìyẹn ohun tó ń gba iṣẹ́ EGF lára sẹ́ẹ̀lì. EGFR á ránṣẹ́ sí Ras, èròjà kan tó ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, Ras á ta á látaré, títí iṣẹ́ náà á fi dé àárín sẹ́ẹ̀lì: "Pín sí méjì!" Ojú ọgbẹ́ á pa dé, ariwo á sì dákẹ́. Stanley Cohen tó rí EGF kíyè sí i pé àwọn ọmọ eku tí wọ́n fún ní èròjà náà tètè lajú, wọ́n sì tètè hu eyín (ìyẹn dùn mọ́ àwa oníṣègùn eyín nínú gan-an). Ó wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1986.

Nínú jẹjẹrẹ ẹnu, ariwo náà kì í dákẹ́. Májèlé inú tábà ti ba àwọn jíìnì sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Èyí tó sábà máa ń bàjẹ́ jù ni p53, tó yẹ kó dá sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ dúró. EGFR á wá pọ̀ lápọ̀jù. Bí bàbá bá tún ń mu ọtí, ewu náà á le sí i.

Cetuximab ni oògùn tí ẹ kà nípa rẹ̀. Láti 2006 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí, kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń rà ní kẹ́mísìtì. Kì í sì í ran gbogbo èèyàn lọ́wọ́: a dí iwájú, iṣẹ́ á gba ẹ̀yìnkùlé, irú bíi ti PI3K, èròjà mìíràn tó ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Kò sí dókítà tó máa kọ ọ́ láìrí èsì ẹran tí wọ́n gé.

Egbò ẹnu tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì yẹ kó ti dé ọ̀dọ̀ dókítà, ti bàbá sì ti di márùn-ún. Kí wọ́n fi aáṣáà sílẹ̀ lónìí. Ẹ fọwọ́ wo abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn wọn. Bí ẹ bá kan kókó, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.