Òòfà ń fa bóòtù stainless mi: ṣé ayédèrú ni?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra bóòtù àti nọ́ọ̀tì stainless pa pọ̀, wọ́n kọ A2-70 sórí àwọn bóòtù náà. Mo gbé òòfà sún mọ́ wọn, kò fa àwọn nọ́ọ̀tì rárá, àmọ́ ó ń fa orí bóòtù àti ibi tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Wọ́n ní stainless gidi kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá a padà. Bí bóòtù A2 tó dára ṣe sábà máa ń ṣe nìyẹn.

Krómíọ̀mù ló ń sọ irin di stainless, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 10.5 nínú 100. Òun ló ń bá ọ́síjìn ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára irin tí kì í jẹ́ kó dógùn-ún. Òòfà ò mọ nǹkan kan nípa awọ yẹn. Bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe tò sínú irin ló ń dá lóhùn. Stainless 410, tó wà nínú ọ̀pọ̀ súkúrù tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ lu irin, òòfà fà á gírígírí, síbẹ̀ stainless ni. A2 tiyín, irú stainless kan ni, ẹbí èyí tí wọ́n ń pè ní 304: krómíọ̀mù bí ìdá 18, nikẹ́lì bí ìdá 8. Nikẹ́lì yìí ló ń mú kí átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò lọ́nà tí òòfà kì í fà, èyí tí à ń pè ní austenite.

Báwo ni òòfà ṣe wá ń fà á? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe bóòtù. Wáyà tútù ni wọ́n ń gé. Ẹ̀rọ á gbá ìdí rẹ̀ títí á fi fẹ̀ di orí, wọn á wá yí ara rẹ̀ mọ́ àárín irin líle méjì títí tírẹ́ẹ̀dì á fi jáde. Bí a bá tẹ 304 ní tútù báyìí, apá kan austenite á di martensite, ìyẹn ìtò átọ́ọ̀mù mìíràn, òòfà sì ń fa ìyẹn. Ibi tí ìyà ti jẹ irin jù ni òòfà ti ń rí mú. Ẹ fi okùn tín-ín-rín so bóòtù kan rọ̀, kí ẹ rọra gbé òòfà sún mọ́ ọn: orí á fì wá, tírẹ́ẹ̀dì á fì wá, àárín tó dán lè má fi bẹ́ẹ̀ mira. Etí wáṣà náà máa ń fà ju ojú rẹ̀ lọ, torí etí ni wọ́n ti gé e. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n bá gbẹ́ lára ọ̀pá tàbí tí wọ́n fi iná rọ kò jẹ irú ìyà yẹn.

70 tó wà lórí rẹ̀ ń sọ pé bóòtù náà á gbà tó 700 megapascal (ìwọ̀n agbára tó ń fà á ya) kó tó já. Ìtẹ̀ tútù ló fún un lágbára yẹn. Bí wọ́n bá fi iná tó ju 1,000°C lọ yọ martensite rẹ̀ kúrò, òòfà á kọ̀ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ A2-50 ni yóò kù, 500 péré.

Ṣé ibẹ̀ á wá dógùn-ún? Krómíọ̀mù rẹ̀ ò dín, ìtò rẹ̀ nìkan ló yí. Nínú òjò àti oòrùn lásán, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀. Iyọ̀ òkun ló ń dààmú A2. Létí òkun, A4 ni kí ẹ lò, èyí tí molybdenum ìdá 2 sí 3 wà nínú rẹ̀. Òòfà ò sì lè sọ èwo ni A2, èwo ni A4.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni stainless 200, tí wọ́n fi máńgáníìsì rọ́pò púpọ̀ nínú nikẹ́lì. Òòfà kì í sábà fà á, ó sì tètè ń dógùn-ún ju 304 lọ. Ẹni tó bá gbọ́kàn lé òòfà, irú rẹ̀ ni yóò fayọ̀ rà.

Bóòtù tó bá fò mọ́ òòfà látòkèdélẹ̀ bí irin lásán, tí wọ́n sì kọ A2 sí i, òun ni kí ẹ fura sí. Tiyín kọ́ nìyẹn. Ẹ wò bóyá àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ A2-70 lórí rẹ̀, bí ISO 3506, ìlànà àgbáyé fún bóòtù àti nọ́ọ̀tì stainless, ṣe wí. Bí iṣẹ́ bá sì tóbi, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí irin náà lọ́wọ́ ẹni tó tà á.