Ṣé oyè DNP ló ń fún NP láṣẹ láti dá dúró?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston ní Texas, ọdún kẹjọ mi rèé lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti ní BSN, oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ di NP, ìyẹn nọ́ọ̀sì àgbà tó ń yẹ aláìsàn wò tó sì ń kọ oògùn, kí n lè ṣí kílíníìkì tèmi fún àwọn èèyàn wa tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra. Ọ̀rẹ́ mi ní MSN, oyè kejì, kò tó, pé àfi kí n gba DNP, oyè dókítà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kí n tó lè ṣiṣẹ́ láìsí dókítà lórí mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò mi. Inú mi dùn pé o béèrè kí o tó lọ yá owó ilé ìwé.

Òfin ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní àṣẹ yìí, kì í ṣe oyè. Ẹni tó gba MSN àti ẹni tó gba DNP, ìdánwò kan náà ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ ANCC tàbí AANPCB, àwọn àjọ tó ń fún NP ní ìwé ẹ̀rí, láísẹ́nsì kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Mo mọ ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ ti gbọ́ ọ. Ní 2004, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwé nọ́ọ̀sì, AACN, dábàá pé kí DNP di dandan fún NP tó bá di 2015. 2015 ti kọjá tipẹ́, MSN ṣì ń gbàṣẹ. Àwọn tó ń wọlé kọ́ṣẹ́ CRNA báyìí, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń kunni lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ni oyè dókítà ti di dandan fún.

Texas gan-an ni ìṣòro rẹ. Níbẹ̀, o kò lè kọ oògùn fún aláìsàn láìsí ìwé àdéhùn láàárín ìwọ àti dókítà kan, ìbáà jẹ́ DNP mẹ́ta lo ní. Ọ̀pọ̀ dókítà ń gba owó oṣooṣù lórí ìbùwọ́lùwé yìí. Bí dókítà náà bá kó lọ, tó fẹ̀yìn tì, tàbí tó kàn yí ọkàn padà, o ti di ẹni tí kò lè kọ oògùn nínú kílíníìkì tí o fi owó ara rẹ ṣí, títí o ó fi rí ẹlòmíràn. Èyí máa ń dùn mí, nítorí àwọn aláìsàn ló ń jìyà rẹ̀ jù.

Wo Maryland níbi tí èmi wà: láti 2015 ni òfin ti tú wa sílẹ̀. NP tuntun kàn máa ń ní olùtọ́sọ́nà kan fún oṣù 18, ó sì lè jẹ́ NP tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. New York ń béèrè wákàtí 3,600 lẹ́nu iṣẹ́ kí NP tó lè dá dúró. Florida ń béèrè 3,000 lábẹ́ dókítà, ìtọ́jú gbogbogbòò bíi tìrẹ yìí sì wà lára ohun tó gbà láyè. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ tí kílíníìkì yóò wà ni kí o kọ́kọ́ yàn.

Fi èyí náà sínú ìṣirò rẹ: ohun tí Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ń san $100 lé lórí fún dókítà, $85 ló ń san fún NP. DNP kò yí ìyẹn padà. Bí o bá fẹ́ kọ́ni ní yunifásítì tàbí kí o darí ilé ìwòsàn ńlá, DNP dára, mi ò bú u.

Ẹ̀ka tí o bá yàn ló máa dè ọ́ ju oyè lọ. FNP, ìyẹn NP fún ìdílé, ni kí o ṣe, nítorí ó gbà ọ́ láyè láti tọ́jú tọmọdé tàgbà. Ẹni tó bá ṣe ti ọpọlọ kò lè fi tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà.

Kí o tó san kọ́bọ̀, bi ilé ìwé náà léèrè ẹni tí yóò wá dókítà tàbí NP tí o máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé ìwé tí èmi lọ dá mi dá a. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kiri, sáà kan sì ṣòfò. Bí wọ́n bá ní ìwọ ni o máa wá a, wá ilé ìwé mìíràn.