Ṣé bakitéríà inú ilẹ̀ tí epo rọ̀bì dà sí kì í kú tán?

Rárá o. Púpọ̀ wọn á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé epo yẹn gan-an loúnjẹ wọn: Pseudomonas, Rhodococcus, Acinetobacter, Mycobacterium. Kí epo tó dà, wọn kì í pọ̀ nínú ilẹ̀. Bó bá ti dà báyìí, àwọn ni wọ́n á gbòde. Ilẹ̀ dúdú tó ń yọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì àdúgbò yín, wọ́n wà níbẹ̀ náà.

Epo kì í pò mọ́ omi, nítorí náà Pseudomonas aeruginosa máa ń ṣe nǹkan kan tó dà bí ọṣẹ, tó ń fọ́ epo sí wẹ́wẹ́ kí ẹnu lè ràn án. (Kò kúkú lẹ́nu.) Ohun tí ọ̀kan bá jẹ kù, òmíràn á gbà á. Èyí tó fúyẹ́ nínú epo ló ń kọ́kọ́ lọ. Èyí tó ki bí ọ̀dà lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ló wá dé tí ilẹ̀ Ògóní ní Ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí epo ti dà, ò tíì mọ́, nígbà tí wọ́n ti dáwọ́ wíwa epo dúró níbẹ̀ láti 1993? Lójú tèmi, àìsí afẹ́fẹ́ ló burú jù. Wọ́n lè túlẹ̀, kí wọ́n da ajílẹ̀ sí i kí bakitéríà lè rí afẹ́fẹ́ àti naitirójìn, ṣùgbọ́n òkè ilẹ̀ nìkan nìyẹn kàn. Ní 2011, UNEP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ pé àwọn bá epo ní ibi 49 tó ti wọlẹ̀ tó mítà 5, ó kéré tán.