Mẹkáníìkì ba ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi jẹ́, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́hun ni: ṣé kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékùmù, Ààfáà wa. Mo ra mọ́tò tòkunbọ̀ lọ́wọ́ Alhaji kan tá a jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan náà l'Ékòó. Mo ti san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀, ó ku ₦400,000 tá a jọ sọ pé kí n máa san díẹ̀díẹ̀. Alhaji yìí náà ló ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ibi tó ti ń ta mọ́tò. Mo gbé mọ́tò lọ síbẹ̀ láàárọ̀ fún sáfíìsì, mo fi sílẹ̀ fún wọn, mo padà lọ gbé e nírọ̀lẹ́, ₦85,000 ni wọ́n gbà, ọ́ìlì àti filítà ni wọ́n pààrọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo ń lọ Ìbàdàn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ogere ni iná pupa tàn níwájú mi, kí n tó ríbi yà sí, ẹ́ńjìnnì ti ń dún bí ẹní ń lu páànù, ló bá kú. Mẹkáníìkì tó wá wò ó níbẹ̀ ní nọ́ọ̀tì tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì, ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì jáde, ti já bọ́ lọ́nà, wọn ò dè é le. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, òmíràn á tó ₦1,200,000. Alhaji ní ọmọ iṣẹ́ ló ṣe é, ó ní àmúwá Ọlọ́hun ni, ó ní ṣèbí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ewu ọkọ̀ wà lọ́rùn ẹni tó ni ín. Àwọn àgbà mọ́sálásí ní kí n fi fún Ọlọ́hun. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ní òun dè é le, òun lè fi irin búra. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sanwó fáwọn ààfáà kí wọ́n ka Yáásìn 41 sí i lórí. Àwọn ọ̀dọ́ kan tún ní mùsùlùmí kì í gbé mùsùlùmí lọ kóòtù. Ààfáà, ṣé mo lè mú ₦400,000 yẹn dúró ni?

ÌDÁHÙN: Wà àlékùmù sàlámù wàráhúmọ́túlọ́ọ̀hì. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnira. Mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà márosẹ̀, mo mọ bó ṣe ń rí, Ọlọ́hun ló yọ yín tí tírélà ò gbá yín níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n tètè là á mọ́lẹ̀: Alhaji ló jẹ yín ní gbèsè ẹ́ńjìnnì yẹn, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́, kì í sì í ṣe kádàrá. Ọ̀rọ̀ àmúwá Ọlọ́hun yìí ti ń sú mi. Télọ̀ fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà, àmúwá Ọlọ́hun ni. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe bu omi sí i, àmúwá Ọlọ́hun ni. Ta ló sọ pé kì í ṣe àmúwá Ọlọ́hun? A gba kádàrá gbọ́, ó wà nínú òpó ìgbàgbọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé kádàrá ń pa gbèsè rẹ́, ẹ lọ bá Alhaji lọ́la kẹ́ ẹ sọ fún un pé ₦400,000 yẹn, Ọlọ́hun ò kádàrá ẹ̀ pé kẹ́ ẹ san án, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá á sọ pé àlùhámúdùlílàhí. Ẹni tó ṣèèṣì pa èèyàn, tí kò gbèrò ẹ̀ rárá, Súúrà Nísáì ẹsẹ 92 ní kí wọ́n san owó ẹ̀jẹ̀ fún ẹbí òkú, àfi táwọn ẹbí bá fi ta á lọ́rẹ. Ẹ ò rí i pé ṣíṣèèṣì máa ń mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, kì í mú owó kúrò. Àwọn tó ń sọ pé èèyàn ò ní ìfẹ́ inú kankan, pé bí ewé tí atẹ́gùn ń gbé lèèyàn, Jabariyya là ń pè wọ́n, àwọn onímọ̀ sì ti dá wọn lóhùn látijọ́, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n kó wá sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Ó tún wá yà mí lẹ́nu pé àwọn ààfáà tí wọ́n ka Rísálà, ìwé òfin ẹ̀sìn, nílé kéwú náà wà nínú àwọn tó ń sọ pé kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ìlànà òfin Ìmáàmù Màlíkì la ń tẹ̀ lé nílẹ̀ yìí, Rísálà tí Ibn Abi Zayd kọ ni wọ́n fi kọ́ wa, ó sì wà níbẹ̀ gbangba: "was-sunnaa'u daaminuuna limaa ghaabuu 'alayhi, 'amiluuhu bi ajrin aw bi ghayri ajrin." Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni yóò dúró fún ohun tí wọ́n gbà kúrò lójú ẹni tó ni ín, wọn ì báà gbowó iṣẹ́ ẹ̀, wọn ì báà má gbà á. Wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ wá látẹnu Aliyu ọmọ Abi Talib pé ó ń mú kí oníṣẹ́ ọwọ́ san ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kò sí ohun tó lè tún àwọn èèyàn ṣe àfi ìyẹn. Ó mọ̀ wá.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni gbólóhùn tó ní "limaa ghaabuu 'alayhi" yẹn, ohun tí wọ́n gbà kúrò lójú ẹni tó ni ín, ibẹ̀ náà ni mo ti rí i tí wọ́n ń jà, torí ẹ ni mo ṣe fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ wa ò kàn sọ pé gbogbo oníṣẹ́ ni kó máa san gbogbo nǹkan. Ó ní láti jẹ́ ẹni tó gbé ara ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo ayé, bíi tẹni tó ṣí wọ́kíṣọ́ọ̀bù tó gbé pátákó síta, kì í ṣe àbúrò yín tẹ́ ẹ kàn ní kó bá yín wò ó nílé. Ó ní láti jẹ́ pé ẹ fi nǹkan náà sílẹ̀ fún un lẹ tẹ̀ síwájú. Tó bá jẹ́ pé ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tì wọ́n, tí wọ́n ń ṣe é lójú yín, ọ̀rọ̀ yí padà, ẹ̀yin lẹ máa mú ẹ̀rí wá pé ó ṣe àìbìkítà. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ irú iṣẹ́ téwu wà nínú ẹ̀ fúnra ẹ̀. Àpẹẹrẹ táwọn ará àtijọ́ máa ń lò ni ẹni tó ń lu ihò sára péálì àti ẹni tó ń tọ́ idà tó wọ́, torí ó lè ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ jù lọ. Ẹni tó bá tú ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, tí nǹkan kan dá nínú ẹ̀, èmi á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn de nọ́ọ̀tì kó le, ewu wo ló wà ńbẹ̀? Ọmọ tó fi oṣù méjì kọ́ṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ láàárọ̀, ẹ gbé e nírọ̀lẹ́, wọ́kíṣọ́ọ̀bù gbangba ni, iṣẹ́ kékeré ni. Gbogbo ẹ̀ pé.

Wọ́n lè sọ pé ọwọ́ yín ni mọ́tò wà nígbà tó kú. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọwọ́ wọn lohun tó pa á ti bẹ̀rẹ̀. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ẹni tó bá ń ṣe ìwòsàn tí a ò mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ ìwòsàn, òun ni yóò dúró fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀, Abu Dawud, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hádíìsì jọ, ló gbà á wá. Aláìsàn lè padà kú sílé ara ẹ̀, ṣé ìyẹn ní kí oníṣègùn bọ́ ńbẹ̀?

Mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa á sọ pé Ìmáàmù Ṣáfíì ní oníṣẹ́ kì í san àfi tó bá ṣe àìbìkítà. Lóòótọ́ ni, wọ́n tiẹ̀ ní kì í sọ ọ́ síta nítorí àwọn oníṣẹ́ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́hun. Àmọ́ nọ́ọ̀tì tí wọn ò dè le, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn? Ní ti èyí, kò sí ìjà láàárín Màlíkì àti Ṣáfíì.

Ọmọ iṣẹ́ ni, ọmọ iṣẹ́ ni, ẹ dẹ̀yìn lẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀gá lẹ bá dòwò pọ̀, ọ̀gá ló gba ₦85,000, Màlíkì ò gbé e sọ́rùn ọmọ tó ń bá oníṣẹ́ ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri yẹn náà, Khalil, onímọ̀ Màlíkì, ti dáhùn ẹ̀ nínú ìwé ẹ̀ tó ń jẹ́ Mukhtasar: "wa law sharata nafyahu", kódà kó ti sọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé òun ò ní san. Ọ̀dà ni wọ́n fi ba ògiri jẹ́.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹ ní iná pupa tàn, ẹ ní ẹ ń wá ibi yà sí. Ìṣẹ́jú mélòó? Èmi ò sí níbẹ̀, Ọlọ́hun wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ rí i tẹ́ ẹ yà kíá, gbogbo ẹ̀ dọwọ́ Alhaji. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ ń sáré lọ síbi ìnáwó tẹ́ ẹ ní á dé, tẹ́ ẹ fi wakọ̀ títí ó fi nọ́ọ̀kì, apá kan wà lọ́rùn yín, ẹ sọ ọ́ jáde kí wọ́n tó bi yín. Ànábì ní àwọn kan mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹlòmíì lọ, tóun bá wá dájọ́ fún wọn lórí ohun tóun gbọ́, tó sì jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ìyá wọn, ègé iná lòun gé fún wọn. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Bákan náà, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ló wà nínú mọ́tò yín, tòkunbọ̀ bíi tiẹ̀ ni kó san, ẹ má lọ fi orí Alhaji ra èyí tó dáa jù ú lọ.

Wàyí o, irin. Èyí ló dùn mí jù nínú ìbéèrè yìí, ó sì jọ pé òun lẹ sọ bíi pé kò tó nǹkan. Ọmọ tó ń kírun, ó ń sọ pé òun á fi irin búra, àwọn àgbà ń gbọ́, ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Mo tiẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mùsùlùmí tó lọ Mẹ́kà pé "Kùránì kì í tètè jà, irin ló máa ń tètè dáhùn." A'uudhu billaahi! Ṣé torí pé Ọlọ́hun ń mú sùúrù lẹ ṣe lọ wá nǹkan tẹ́ ẹ rò pé kì í mú sùúrù? Ànábì ní ẹni tó bá fi ohun tó yàtọ̀ sí Ọlọ́hun búra, ó ti ṣẹbọ. Ẹ ò gbọdọ̀ bi í bóyá á búra bẹ́ẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ jókòó síbi tó ti ń fi irin búra, tó bá sì fi í búra, kò tán nǹkan kan nínú ẹjọ́ yìí. Ìbúra tiwa náà, kì í ṣe kéèyàn gbé Kùránì lérí kó máa gbọ̀n. Rísálà sọ bó ṣe rí, kò gùn: "billaahi alladhii laa ilaaha illaa huwa", mo fi Ọlọ́hun tí kò sí ọlọ́hun kan àfi Òun búra. Ó parí.

Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ìròyìn ayọ̀: Ànábì ti fi ẹlẹ́rìí kan àti ìbúra dájọ́, ó wà nínú ìwé hádíìsì Muslim, àwọn Màlíkì sì dì í mú dáadáa lórí ọ̀rọ̀ owó. Mẹkáníìkì Ogere yẹn ni ẹlẹ́rìí yín. Ẹ wá a rí. Ẹ mú rìsíìtì ₦85,000 dání, fọ́tò tẹ́ ẹ bá yà náà.

Yáásìn 41 nkọ́? Ta ló kà á bẹ́ẹ̀ nínú àwọn sàhábà? Bídíà ni, àdádáálẹ̀ nínú ẹ̀sìn, òwò ni, ẹni tí wọ́n ba mọ́tò ẹ̀ jẹ́ lẹ tún fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ẹ̀. Obìnrin kan pe Sa'id ọmọ Zayd lẹ́jọ́ ní Mẹdínà, ó ní ó gbalẹ̀ òun, irọ́ ló pa mọ́ ọn. Sa'id gbọ́wọ́ sókè, ó ní Ọlọ́hun, tó bá ń purọ́, fọ́ ọ lójú, kó sì kú sórí ilẹ̀ ẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn, ó wà nínú Muslim. Kò ra ìkòkò, kò ka nǹkan kan nígbà 41. Àdúà ẹni tí wọ́n ṣàbòsí sí kò ní gàgá láàárín òun àti Ọlọ́hun, ẹ lè ṣe é fúnra yín nínú ìforíkanlẹ̀ yín lófẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò ni wọ́n bà jẹ́, ẹ má tọrọ ojú èèyàn torí ẹ́ńjìnnì. Ẹ tọrọ owó yín.

₦400,000 yẹn, ẹ má mú un dúró ní kọ̀rọ̀. Ànábì ní ká má dàlẹ̀ ẹni tó bá dàlẹ̀ wa. Lóòótọ́ ó gbà fún Hind kó mú ohun tó tó òun àtọmọ ẹ̀ nínú owó Abu Sufyan ọkọ ẹ̀, àmọ́ ẹ̀tọ́ Hind hàn sí gbogbo ayé, tiyín ṣì ń jẹ́ àríyànjiyàn. Ẹ wá ẹlẹ́rìí méjì, kẹ́ ẹ sọ fún Alhaji lójú wọn pé: "Alhaji, owó yín ń bẹ lọ́rùn mi, mi ò sẹ́, ẹ jẹ́ ká jókòó ká ṣírò èyí tẹ́ ẹ jẹ mi mọ́ ọn." Ìyẹn kì í ṣe ìdàlẹ̀, ìṣirò ni. Tó bá wá fẹ́ kẹ́ ẹ dín in kù fún un, ẹ̀yin lẹ lè dárí jì, kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ yín dárí jì í.

Tó bá kọ̀, ìgbìmọ̀ Ṣáríà wà, látọdún 2002 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá níbí, àmọ́ ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọn ò lè fipá mú ẹnì kan wá. Tó bá kọ ìyẹn náà, ibi ìlàjà ìjọba Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre, wà níbẹ̀ látọdún 1999, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá fọwọ́ síwèé níbẹ̀ tí kò san, ó ti di gbèsè tó hàn, kóòtù kékeré tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 lọ náà wà l'Ékòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ka ẹsẹ 60 Súúrà Nísáì sí i lórí, èyí tó ń bá àwọn tó fẹ́ gbé ẹjọ́ wọn lọ síbi tí kì í ṣe ti Ọlọ́hun wí, ẹni tí kò wá ju ẹ̀tọ́ tí Ṣáríà fún un lọ, tí kò sì rí ọ̀nà mìíràn gbà á, kì í ṣe òun ni ẹsẹ yẹn ń bá wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó wọn láyà jẹ, ṣé ẹ máa bá a ra ẹ́ńjìnnì? Ọlọ́pàá nìkan ni mo ní kẹ́ ẹ má lọ bá. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 gan-an ò gbà kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé torí ọ̀rọ̀ àdéhùn owó, àwọn ọlọ́pàá á gba ti Alhaji, wọ́n á gba tiyín, ẹ́ńjìnnì á ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ bá Alhaji sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Ìṣàú, níbi tí kò sí èrò, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ iwájú àwọn oníbàárà ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n tẹ̀ lé yín, mo ṣe tán, ẹ kàn jẹ́ kí n gbọ́ ṣáájú. Àmọ́ kì í ṣe Sátidé yìí, àwọn ọmọ kéwú wa ń ṣe wòlímọ̀.