Pípààrọ̀ ẹnu góòlù ní ìdajì eré: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ni mò ń gbé ní London. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ kì í fi ọ̀rọ̀ Dulwich Hamlet, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò wa, ṣeré rárá, òun ló mú mi dání lọ́jọ́ Sátidé kan tí wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ẹlòmíì. Bí rẹfirí ṣe fọn fèrè ìdajì àkọ́kọ́ báyìí, gbogbo àwọn tí a jọ dúró lẹ́yìn góòlù bẹ̀rẹ̀ sí í tú àsíá wọn, wọ́n sì forí lé òdì kejì pápá. Mo wo iwájú, àwọn onílé ló ń bọ̀ wá pàdé wa. Àyà mi já, mo rò pé ìjà ti dé. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ àṣà yìí? Ṣé òfin ni, àbí èèwọ̀ ni kéèyàn dúró sójú kan? Ṣé kí n máa bá wọn lọ?

Ìdáhùn: Ìjà kọ́ o, ẹ fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe òfin, kì í sì í ṣe èèwọ̀. Changing ends ni wọ́n ń pè é. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù ilẹ̀ England, òun ni mo fẹ́ràn jù, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé.

Kò sí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tí kò fẹ́ wà nítòsí ibi tí góòlù ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti wọlé. Lẹ́yìn àwọ̀n lèèyàn ti ń rí i bí bọ́ọ̀lù ṣe ń bọ̀ lọ́ọ̀kánkán, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó gbá a wọlé máa ń sáré wá. Bí ìdajì kejì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ méjèèjì á pààrọ̀ ìhà, ẹnu góòlù tí tiyín ń gbá sí á di ti òdì kejì. Ẹ̀yin náà á gbéra. Àwọn onílé á gbéra pẹ̀lú, torí pé ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ gan-an ni tiwọn yóò máa gbá sí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi pàdé lọ́nà.

Ẹ tún kíyè sí ohun kan. Aṣọ́lé àwọn onílé, tí ẹ ti ń kọrin sí létí fún ìṣẹ́jú márùnlélógójì, tí ẹ ti bú irun orí rẹ̀, tí ẹ ti bú bàtà rẹ̀, á mú aṣọ ìnura àti ike omi rẹ̀, á rìn lọ sí góòlù kejì. Kó tó tún ìbọ̀wọ́ rẹ̀ dè tán, ohùn kan náà ti ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó bá a jà ní ìdajì àkọ́kọ́ ló tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Ní irú pápá bẹ́ẹ̀, irin kan ṣoṣo tí kò ga dé àyà ló wà láàárín òun àti yín, ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ní kedere, ó sì máa ń dáhùn. Mo ti rí aṣọ́lé tó bá bàbá arúgbó kan jiyàn pẹnáritì láti ìdajì kan bọ́ sí èkejì, tí wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí irin náà nígbà tí eré parí.

Pípààrọ̀ ìhà fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Nínú òfin àkọ́kọ́ tí Football Association, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ England, kọ ní 1863, gbogbo ìgbà tí góòlù bá ti wọlé ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń pààrọ̀ ìhà. Ní 1875 ni wọ́n wá fi í sí ìdajì eré nìkan. Afẹ́fẹ́, oòrùn àti bí ilẹ̀ ṣe rí ló fà á, kó má baà jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni yóò jìyà rẹ̀ títí eré yóò fi parí. Ní pápá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Pápá Underhill, tí ẹgbẹ́ Barnet lò títí di 2013, dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti ẹnu góòlù kan lọ sí èkejì, ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sókè níbẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ má rò pé àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ló dá rírìn tí àwọn olólùfẹ́ ń rìn yìí sílẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ìdúró ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n ń ṣe é láwọn pápá ńláńlá náà. Ìwà jàǹdùkú ló bà á jẹ́. Láti àwọn ọdún 1970, irin àti ọlọ́pàá ni wọ́n fi ń ya onílé àti àlejò sọ́tọ̀. Irin yẹn sì wá di ohun ẹkún. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹrin 1989, ní pápá Hillsborough ní Sheffield, àwọn olólùfẹ́ Liverpool fún mọ́ra wọn níbi tí irin ti ká wọn mọ́, wọn ò rọ́nà sá, èèyàn 97 ló bá a lọ. Ní 2016, àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ikú wọn ní kóòtù fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn olólùfẹ́ kò jẹ̀bi, àṣìṣe àwọn ọlọ́pàá tó ń darí èrò ló kó bá wọn. Ìwádìí Adájọ́ Taylor tó jáde ní 1990 ló mú kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá fi ìjókòó rọ́pò ìdúró. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ nọ́ńbà ìjókòó sí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ibo ló tún fẹ́ pààrọ̀ sí?

Lábẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ńlá yìí ni àṣà náà kù sí. Ẹgbẹ́ 92 ló wà nínú líìgì mẹ́rin àkọ́kọ́ ní England, gbogbo àwọn tó kù lábẹ́ wọn ni wọ́n ń pè ní non-league. Isthmian League, tí Dulwich Hamlet wọ̀ ní 1907, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn líìgì tó lórúkọ jù níbẹ̀. Ibẹ̀ lèèyàn ti ṣì lè mú ife bíà dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ohun tí òfin 1985 kò gbà láyè nílé àwọn ẹgbẹ́ ńlá bí èèyàn bá wà níbi tó ti lè máa wo eré.

Mo wá kan ìtumọ̀ tí ẹ ń béèrè wàyí. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà. Ní pápá tí ẹ lọ yẹn, ẹnu ọ̀nà kan náà ni onílé àti àlejò gbà wọlé. Ilé ọtí kan náà ni wọ́n ti mu. Ìlà kan náà ni wọ́n tò fún tíì àti ṣípìsì. Kò sí irin, kò sí ọlọ́pàá tó dúró láàárín. Àṣà yìí fúnra rẹ̀ ni ààlà: ìdajì àkọ́kọ́, ẹ̀yin níbí, àwọn lọ́hùn-ún, ìdajì kejì, kálukú á gba ibi tí ẹnìkejì ti dìde. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ògiri, ọmọ ọdún mẹ́fà tí bàbá rẹ̀ gbé kọ́rùn ti mọ̀ ọ́n. Bí àlejò bá takú síbi tó wà, ó ti gba àyè onílé nìyẹn, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ lè di ariwo. Nítorí náà, èrò tí ẹ rí tó ń bọ̀ wá pàdé yín yẹn, ìfọkàntánni ni. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn ilé wọn sílẹ̀ fún yín, ẹ̀yin náà ń fi ibi tí ẹ wà sílẹ̀ fún wọn, ẹ sì ń kọjá lára ara yín láìsí ẹ̀ṣọ́. Lójú tèmi, iyì tó kù nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ yẹn nìyẹn, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó ń wo Premier League nìkan kò mọ̀ ọ́n rárá.

Kì í tilẹ̀ ṣe ìdajì eré ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì tí ẹ bá tún lọ, ẹ tètè dé, kí ẹ wo àwọn àgbà inú ẹgbẹ́. Wọn kì í kánjú so àsíá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, owó onírin tí rẹfirí máa ń jù sókè ni àwọn ń wò kí wọ́n tó so àsíá. Wọ́n á dúró nítòsí igun pápá, àsíá á wà lábẹ́ abíyá, ojú wọn á wà lára rẹfirí àti kápútẹ́ẹ̀nì méjèèjì láàárín pápá. Rẹfirí á ju owó sókè, á fi ọwọ́ gbá a mú, á ṣí i wò. Láti 2019, kápútẹ́ẹ̀nì tí owó bá gbè lè yan ìhà tó fẹ́ gbá sí, tàbí kó yàn pé kí tòun kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá wá na ọwọ́ sí góòlù tí kò sẹ́ni tó retí, ìkùnsínú á sọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti yára so àsíá mọ́ irin á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó pẹ̀lú eyín, gbogbo èrò á tún kó ẹrù wọn rìn yí pápá po kí bọ́ọ̀lù tó yí rárá.

Àwọn ìgbà kan wà tí kì í ṣẹlẹ̀. Bí ìdíje bá gbóná, bóyá ìlú méjì tó fara tira tàbí ìdíje àṣekágbá, wọ́n lè ní kí onílé àti àlejò wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹgbẹ́ kékeré bá lọ sílé ẹgbẹ́ ńlá nínú FA Cup. Ní oṣù Kìíní 2024, Maidstone United tó wà ní ìpele kẹfà lọ na Ipswich Town 2–1. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún olólùfẹ́ wọn ló wà níbẹ̀, ayọ̀ náà kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n apá ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àlejò ni wọ́n wà títí.

Ti Dulwich Hamlet ní àfikún tiẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1893, aṣọ wọn aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ àti búlúù kò ṣeé ṣì mọ̀. Champion Hill ni ilé wọn, ẹsẹ̀ lásán lẹ lè fi rìn débẹ̀ láti Rye Lane ní Peckham yín. Ní 2018, wọ́n tì wọ́n mọ́ta nítorí aáwọ̀ lórí ilẹ̀ náà, láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá. Ilé Tooting & Mitcham ni wọ́n lọ ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n di àlejò nínú ìdíje ilé tiwọn. Wọ́n ṣì gòkè sí líìgì tó ga sí i lọ́dún náà, lẹ́yìn tí wọ́n borí nínú pẹnáritì. Ẹni tó bá ti wà nínú irú ìyẹn kì í fojú kékeré wo àyè tí onílé fún un lẹ́yìn góòlù.

Ẹ máa bá wọn lọ, dandan kọ́ ni pé kí ẹ mọ orin. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀rẹ́ yín bá gbà, ẹ má fẹsẹ̀ tẹ orí koríko pápá. Ẹ má fọwọ́ kan àsíá onílé, kódà bó bá já sílẹ̀, ẹ pe ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà, pàápàá níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta tíì torí ọ̀nà máa ń há níbẹ̀, ẹ fún wọn lésì tó bá yẹ, kí ẹ sì máa lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lè dúró sí àárín ẹ̀gbẹ́ pápá, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bi wọ́n. Bí ẹ bá sì fẹ́ mu tíì, ìṣẹ́jú mélòó kan kí fèrè tó dún ni kí ẹ lọ rà á, torí pé bí èrò méjèèjì bá ti gbéra, ìlà yẹn kì í tán kí ìdajì kejì tó bẹ̀rẹ̀.