Ṣé Iye Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Ló Dín Owó Oṣù Mi Kù?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkùnrin kan tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ni a jọ kọ̀wé wá iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan nílùú wa. Fọ́ọ̀mù bi wá pé èló ni a fẹ́ máa gbà lóṣù. Ẹ̀rù ń bà mí kí iṣẹ́ náà má bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo bá kọ iye kékeré. Òun kọ èyí tó ju tèmi lọ dáadáa. Wọ́n gba àwa méjèèjì, iye tí kálukú kọ ni wọ́n sì ń san fún un. Ṣé ẹ̀bi mi ni? Òǹkàwé yín, Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ tí obìnrin bá kọ̀wé sí, àti iye tó bá béèrè, wà lára ohun tó ń mú kí owó oṣù rẹ̀ kéré sí ti ọkùnrin, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ tó ti mọ iye tí òun lè san, tó wá fi í pamọ́ kí ó lè gbọ́ ti ẹnu yín, ni mo dá lẹ́bi.

Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Andreas Leibbrandt àti John List, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Wọ́n polówó iṣẹ́ ọ́fíìsì. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé owó rẹ̀ ṣeé dúnàádúrà, wọn kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù. Níbi tí wọn kò ti sọ ọ́, àwọn ọkùnrin ló ń béèrè àlékún jù. Níbi tí wọ́n ti sọ ọ́, ìyàtọ̀ náà kò sí mọ́. Èyí kò yà mí lẹ́nu rárá. Ta ló dé ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ tí yóò sọ pé obìnrin kò mọ ọjà ná? Ìyá tó fẹ́ ra èlùbọ́ yóò bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, yóò dá iye tirẹ̀ lé e, bí ẹlẹ́lùbọ́ bá kọ̀, yóò yíjú bí ẹni tó ń lọ, nítorí ó dá a lójú pé wọn yóò pe òun padà. Nínú ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó lè dúnàádúrà.

Ti ọmọ títọ́ náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Claudia Goldin, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2023, fi hàn pé ìgbà tí obìnrin bá bí àkọ́bí ni púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ owó yìí máa ń bẹ̀rẹ̀.

Abala 17 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí owó iṣẹ́ kan náà dọ́gba, láìwo ti akọ tàbí abo. Ẹ tọ́ka sí i nínú lẹ́tà sí ọ̀gá yín, kí ẹ to iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n là sílẹ̀ fún ipò náà, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.