Ṣé kí n gbé sìkútà mi pamọ́ títí òtútù fi máa lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Thamesmead ni mò ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ń ṣe ní apá Lewisham. Inú oṣù kẹfà ni mo ra sìkútà 125cc kan lẹ́yìn tí mo ṣe CBT tán, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí òfin ibí ní kí ẹni tó ń kọ́ alùpùpù ṣe, ó sì gbà mí lọ́wọ́ bọ́ọ̀sì méjì tí mo máa ń wọ̀ láàárọ̀. Aago méje àárọ̀ la ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì máa ń di aago mẹ́jọ alẹ́ kí n tó kúrò. Ní báyìí tí òtútù ti dé, ọwọ́ mi kì í mọ nǹkan mọ́ kí n tó dé Blackheath. Ọkọ mi ní kí n gbé e sí ẹ̀yìnkùlé di oṣù kẹta. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi tirẹ̀ gbé oúnjẹ kiri ní irọ́ ni, pé òun kì í dúró tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Bí mo bá sì máa gùn ún, kí ni kí n kọ́kọ́ rà? Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ mi o.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú òtútù o, arábìnrin mi. Mẹkáníìkì alùpùpù ni mí, mo sì tún ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe CBT ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí. Bí wọ́n bá ti dá aago padà ní ìparí oṣù kẹwàá báyìí, irú ìbéèrè yín yìí kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi.

Ọkọ yín jàre, ọ̀rẹ́ yín náà ò sì parọ́. Òtútù Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Kánádà, ọjọ́ tí títì ibí máa ń dì ní yìnyín ní tòótọ́ ò pọ̀ rárá. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wọ bọ́ọ̀sì, kí ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àwọn ọjọ́ yòókù, ẹ lè gùn ún bí ọwọ́ yín bá gbóná tí táyà yín sì dáa. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ ṣáájú ni. Jákẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré rà, wọ́n á wá fi ìbọ̀wọ́ olówùú àti táyà tó ti dán gun títì.

Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà nílé á rántí pé ẹsẹ̀ ọ̀tún la fi ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ òsì sì ń yí jíà. Kò sí ìyẹn lára sìkútà. Ọwọ́ òsì ló di bíréèkì ẹ̀yìn mú, ọwọ́ ọ̀tún di ti iwájú mú, ọwọ́ ọ̀tún yẹn kan náà lẹ tún fi ń fún un níná. Bí ọwọ́ méjèèjì bá kú, kò sí ẹsẹ̀ tó máa gba iṣẹ́ ṣe. Ẹ sì wò ó: bí ojú ọjọ́ bá wà ní dígírì òdo, tí ẹ ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, bíi dígírì mẹ́jọ lábẹ́ òdo ni atẹ́gùn náà máa ṣe ara tí nǹkan ò bò. Ìka tó ti tutù dé ibẹ̀ kì í tètè dáhùn. Ẹ fẹ́ rọra fún bíréèkì, á fún un lójijì, tàbí kó pẹ́ kó tó fún un. Ibẹ̀ ni ìṣubú ti ń wá, ẹni tó ṣubú á sì máa sọ pé títì ló yọ̀.

Nítorí náà, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rà ni àpò tí wọ́n ń dè mọ́ áńdù lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí ẹ máa ki ọwọ́ bọ̀. Muffs ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Kò rẹwà, ẹ má wá ẹwà níbẹ̀. Ó gba atẹ́gùn, ó gba òjò, owó rẹ̀ ò sì tó ti ìbọ̀wọ́ gidi kan. Àmọ́ ẹ má dè é kí ẹ kàn máa lọ. Ẹ jókòó lórí sìkútà pẹ̀lú ẹ́ńjìnì pípa, ṣùgbọ́n kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí iná lè ṣiṣẹ́. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú àpò, ẹ yọ ọ́, ẹ tún ki í bọ̀ láì wò ó. Ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì, ẹ tan tíráfíkétọ̀, ẹ fun fèrè. Ẹ yí áńdù sápá òsì dópin, ẹ yí i sápá ọ̀tún dópin. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti iwájú àpò náà bí atẹ́gùn á ṣe tì í, kí ẹ wo iná bíréèkì lẹ́yìn: bó bá tàn, àpò náà ló ń tẹ bíréèkì yẹn. Èyí tó bá rọ̀ jù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú eré. Ẹ dá a padà, kí ẹ ra èyí tó le níwájú. Ìbọ̀wọ́ tí kò nípọn ni kí ẹ wọ̀ nínú rẹ̀, nítorí èyí tó bá nípọn kì í jẹ́ kí ìka mọ bíréèkì.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi áńdù tó ń gbóná sí i. Ó dáa, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n bátìrì sìkútà kékeré ò ní agbára púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, kí ẹni tó mọ iná mọ́tò so ó lọ́nà tó máa fi kú nígbà tí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́.

Ní ti ara, ẹ má wọ aṣọ olówùú mọ́ra. Ó ń gba òógùn, kì í tètè gbẹ, á wá máa tutù mọ́ yín lára. Aṣọ tínrín tó ń gbé òógùn kúrò ni kó wà nísàlẹ̀, èyí tó ń mú ooru dúró lé e, èyí tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá lókè pátápátá. Fún ẹsẹ̀, àwọn ará Ítálì mọ ohun kan tí mo fẹ́ràn: aṣọ ńlá tí wọ́n so mọ́ ara sìkútà, tí ẹ máa fà bo itan bí ẹni ró ìró. Ní Milan àti Rome, bí òtútù bá dé, ó wọ́pọ̀ lára sìkútà. Yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ yín ò ní tutù lábẹ́ rẹ̀, ẹ ò sì ní máa bọ́ ṣòkòtò òjò níwájú ẹnu ọ̀nà ilé arúgbó. Bí owó bá kù lẹ́yìn táyà, ẹ rà á.

Ẹ má we ìborùn gígùn mọ́rùn, ó lè tú kó sì há sí nǹkan. Èyí tó rí róbótó tí a ń fi orí kì ni kí ẹ lò. Nǹkan mìíràn tí àwọn tó ń ta akoto níbí kì í bi àwọn obìnrin wa ni ti irun. Akoto tó bá yín mu nígbà tí ẹ gé irun mọ́lẹ̀ lè má wọlé mọ́ bí ẹ bá dirun tó nípọn, èyí tí ẹ sì fi irun dídì wọ̀n á máa ṣe wọlọwọlọ lórí lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u. Bí ẹ bá mi orí tí akoto ò bá orí lọ, kò lè gbà yín sílẹ̀. Ti gíláàsì rẹ̀ tó máa ń ṣú nítorí èémí, ẹ ra ike tínrín tí wọ́n ń pè ní Pinlock bí akoto yín bá ní ojú tí wọ́n ń fi sí. Kò sí ọṣẹ tàbí òróró tó tó o.

Kí n sọ èyí wéré: bí ẹ̀jẹ̀ yín bá jẹ́ SS tàbí SC, ẹ bá dókítà yín sọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ tèmi. Òtútù wà lára ohun tó máa ń ru ìrora ẹ̀jẹ̀ yẹn sókè, mi ò sì rò pé wákàtí kan nínú atẹ́gùn yẹ fún ẹni tó bá ní in.

Ó kan táyà. Táyà sìkútà kéré, kì í sì gbóná dáadáa lórí ọ̀nà kúkúrú. Òfin ibí ní kí ìlà táyà 125 jìn tó mìlímítà 1 ó kéré tán. Fún ẹni tó ń jáde lókùnkùn nínú òjò, mìlímítà 2 ni mo máa ń ní kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ táyà náà, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin kan nínú àpótí kékeré. Bí ó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ti le gan-an, ìlà ara rẹ̀ ìbáà ṣì jìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra tòkunbọ̀. Táyà kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún òtútù, Michelin City Grip Winter jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Rọ́bà rẹ̀ kì í le nínú òtútù, àmọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, táyà òjò tó jẹ́ tuntun ti tó yín.

Afẹ́fẹ́ inú táyà náà máa ń dín kù fúnra rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá fi dígírì mẹ́fà tutù sí i, bíi psi kan (ìwọ̀n tí géèjì fi ń ka agbára afẹ́fẹ́) ló ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ kẹ́yìn lọ́sàn-án oṣù kẹfà, ó ti lè dín ní mẹ́ta láì jẹ́ pé ó jò. Láàárọ̀ kí ẹ tó gùn ún ni kí ẹ fi géèjì wọ̀n ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọ̀nà yín. Àwọn títì ńlá bíi A207 tó gba Shooters Hill kọjá, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí i. Àwọn òpópónà kéékèèké nínú ẹsíteèti yín, wọn kì í sábà dà á síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ̀rù ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìrìn ju àárín rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn á máa ṣọ́ra lórí òkè, wọ́n á wá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ní Shooters Hill fúnra rẹ̀, igbó Oxleas wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ewé tó jábọ́ sílẹ̀ á rin, oòrùn kì í sì tètè dé abẹ́ igi. Blackheath gbalasa, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ ló wà níbẹ̀: ẹ dín eré kù, ẹ má fún áńdù mọ́ ọwọ́. Níbi gbogbo, ẹ yẹra fún ìdérí irin ojú títì àti ọ̀dà funfun bí omi bá wà nílẹ̀, pàápàá níbi tí ẹ bá ti ń yà.

Yìnyín tó burú jù ni èyí tí ojú ò rí, tó tẹ́ pẹlẹbẹ tí ó dà bí omi lásán lórí ọ̀dà dúdú. Bí òjò bá rọ̀ nírọ̀lẹ́, tí ojú ọ̀run wá mọ́ kedere lóru, ẹ máa retí rẹ̀. Alẹ́ ni kí ẹ ti pinnu, kì í ṣe aago mẹ́fà àárọ̀ tí ẹ ti ń pẹ́. Bí àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí bá ní òru á dé dígírì mẹ́ta tàbí kó relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ àkókò bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Láàárọ̀, ẹ wo gíláàsì àwọn mọ́tò tó sùn síta, ẹ wo omi tó dúró lẹ́bàá títì, ẹ fi bàtà fa ilẹ̀. Bí yìnyín bá wà níbẹ̀, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà sílé. Ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ yìí sọ pé ọ̀nà tí ọkọ̀ máa ń rìn kó tó dúró lè di ìlọ́po mẹ́wàá lórí yìnyín, ó kéré tán ìlọ́po méjì lórí títì tí omi òjò wà lásán. Ẹ fi ìyẹn wọn àyè tó wà láàárín yín àti mọ́tò iwájú.

Bí ẹ bá bá a pàdé lójú ọ̀nà, ẹ má fún bíréèkì, pàápàá ti iwájú, ẹ má sì jọ̀wọ́ iná lójijì, nítorí táyà ẹ̀yìn lè yọ̀ bí ẹ́ńjìnì bá fà á. Ẹ rọra dín in. Kí sìkútà dúró ṣánṣán, kí áńdù tọ́. Bí ẹ bá ti dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ máa tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Nínú òtútù, bátìrì á rẹ̀ ẹ́, ó tún ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ sí i nítorí òróró ẹ́ńjìnì ti ki. Bí ó bá ti ń ké ẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ láàárọ̀ kó tó jí, ẹ má dúró dìgbà tó máa kọ̀ jálẹ̀. Ní ti omi rédíétọ̀, bí tiyín bá jẹ́ èyí tó ń lò ó, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Nílé, omi ẹ̀rọ lásán là ń bù sí i, kì í sì dì. Níbí, omi lásán á dì, á wú, á sì la irin ẹ́ńjìnì. Antifreeze, oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì, tí wọ́n lú mọ́ omi ní ìlàjì-ìlàjì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Iyọ̀ ojú títì á máa jẹ irin yín pẹ̀lú, ẹ máa fi omi tútù ṣan abẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ fi aṣọ nu pátákó L náà, èyí tó ń fi hàn pé ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́, àti iná ẹ̀yìn, torí pé ní àsìkò Kérésìmesì, oòrùn kì í yọ ṣáájú aago mẹ́jọ, ó sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Lókùnkùn lẹ ó máa lọ, lókùnkùn lẹ ó máa bọ̀.

Bí ẹ bá sì rò ó tán tí ẹ gbọ́ ti ọkọ yín, ẹ bu epo kún táńkì, ẹ yọ bátìrì kúrò, ẹ gbé e wọlé, kí ẹ máa fi ṣájà kékeré tó ń dá ara rẹ̀ dúró ṣájì rẹ̀. Ẹ má máa tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń ṣe, omi ló máa ń kó jọ sínú rẹ̀, ó sì ń jẹ bátìrì ju bó ṣe ń dá a padà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ dá ìbánigbófò dúró ní àwọn oṣù náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe SORN, ìyẹn ìkéde pé sìkútà náà ò sí lójú títì mọ́, pẹ̀lú DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, inú ẹ̀yìnkùlé yẹn ló gbọ́dọ̀ wà. Bí wọ́n bá rí i létí títì, ẹ máa san owó ìtanràn.